Ẹ bá DPO yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ìlú sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alága PCRC, àwa tí a ń ṣe alárinà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú, ní àdúgbò kan ní Òṣogbo. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọlọ́pàá pátírólù lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lóru, ìbọn dún, ọmọ náà sì kú. Àwọn ọ̀dọ́ sọ òkò lu tésàn. Wọ́n ti kọ́ńsítébù kan mọ́lé, ṣùgbọ́n Inspẹ́kítọ̀ tó kó wọn jáde ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni tésàn ti pín sí méjì. Àwọn ọmọdé ibẹ̀, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá tí ipò wọn kéré, kì í bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ mọ́, wọn kò sì fẹ́ bá wọn jáde lóru. Ẹnìkan tún gba ohùn DPO, ọ̀gá tésàn náà, sílẹ̀ níbi ìpàdé wọn, ó fi í sórí WhatsApp. DPO ní kí n bá òun pẹ̀tù sí ará ìlú nínú, kí n sì bá òun wádìí ẹni tó gba ohùn náà. Ọmọ dáadáa ni DPO yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n bá a wá ẹni náà?

Ìdáhùn: Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Kí Ọlọ́run tu àwọn òbí ọmọ náà nínú.

Ẹ má tíì lọ bá ìlú. DPO ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn ọlọ́pàá tí yóò gba ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́wọ́ ará àdúgbò yín lọ́la, tí yóò bá wọn ṣọ́ òru, àwọn náà ni kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn ọ̀dọ́, tí ẹ ṣèlérí fún wọn pé nǹkan yóò yàtọ̀, ta ni yóò mú ìlérí náà ṣẹ? Ṣé Sájẹ́ǹtì tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú Inspẹ́kítọ̀ rẹ̀ ni? Ọlọ́pàá tí kò fọkàn tán ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn máa ń tètè yìnbọn. Ìbẹ̀rù ló ń fà á. Nítorí náà, ìyapa inú tésàn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn tí ìlú lè gbójú fò dá. Ó lè pa ọmọ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ìpínṣẹ́ àti ìbáwí àwọn òṣìṣẹ́ ni mo sì bójú tó jù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún DPO kò gùn. Kí ó má rò pé ọ̀rọ̀ ìyànjú tàbí àdúrà ní páréèdì ni yóò so àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń pín ọlọ́pàá níyà ni ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tó léwu, àti ẹni tí wọ́n ń rán síbi tí nǹkan wà. Àfi kí ó tún wọn ṣe lójú gbogbo wọn, ní báyìí tí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣì gbóná. Bí ó bá ní kí rògbòdìyàn rọlẹ̀ ná, ìyapa náà yóò ti di àṣà tésàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ìyà. Kọ́ńsítébù wà látìmọ́lé, Inspẹ́kítọ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Mi ò sọ pé Inspẹ́kítọ̀ jẹ̀bi. Lẹ́tà yín kò sọ ẹni tó yìnbọn, kò sì sọ bóyá ẹnìkan pàṣẹ kí wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́. Ohun tó rí ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni wọn yóò nà sí aráyé. Kì í ṣe ìwà ìgbéraga ló ń mú un kọ pátírólù. Ó ń rò ó pé bí ìbọn bá tún dún, òun ló kàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn ọmọ yẹn ti rò ó parí pé àgbà òṣìkà ni ọ̀gá wọn, ó sì lè jẹ́ pé òun kò mọ̀ pé ojú tí wọ́n fi ń wo òun nìyẹn.

Kí DPO kọ̀wé sí Kọmíṣánnà ọlọ́pàá nípasẹ̀ Area Commander, ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀, pé kí State CID, ẹ̀ka tó ń wádìí ọ̀ràn ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, gba gbogbo ìwádìí náà kúrò lọ́wọ́ tésàn, kí gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pátírólù lóru ọjọ́ yẹn, títí kan Inspẹ́kítọ̀, má sì fọwọ́ kan ìbọn mọ́ títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹni tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì jẹ̀bi. Ó lè jókòó sí ọ́fíìsì, kí ó máa gba owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n tésàn yóò rí i pé ojú kan náà ni wọ́n fi wo gbogbo wọn. Tésàn kò lè wádìí ara rẹ̀ lórí ikú èèyàn kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́, yálà nínú ìlú tàbí ní bárékè.

Ìwé méjì wà tí DPO gbọ́dọ̀ tì pa kí ó tó sùn. Ọ̀kan ni ìwé ìbọn: gbogbo ẹni tó bá gba ìbọn ló ń buwọ́ lù ú, pẹ̀lú nọ́ńbà ìbọn náà àti iye ọta tí wọ́n kà fún un, wọ́n sì ń kà á padà nígbà tó bá dá a padà. Èkejì ni ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn station diary, níbi tí wọ́n ti ń kọ aago tí ẹni kọ̀ọ̀kan jáde àti aago tó wọlé. Àwọn ìwé yẹn lè sọ ohun tí ẹnu ọlọ́pàá kankan kò ní sọ. Bí ojú ewé kan bá sọnù níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí DPO yóò sọ tí wọn yóò tún gbà gbọ́. Kí ó fi wọ́n lé State CID lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà jẹ́ ọmọdé tésàn.

Ohun kan tún wà tí DPO lè má rò, nítorí ó sún mọ́ ọn jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé tésàn yẹn, ilé ìwé ni wọ́n wà ní oṣù Ọ̀wàrà 2020. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà ni Mohammed Adamu, Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, kéde pé wọ́n ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká. Ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lòdì sí SARS kò torí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 17 ni wọ́n kọ lu ọkọ̀ Gómìnà Gboyega Oyetola ní Ọláìyá, ní Òṣogbo wa níbí. Ẹ̀yin náà rántí bí ìlú ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn Inspẹ́kítọ̀ òde òní ti wà nínú aṣọ iṣẹ́ nígbà náà. Ohun tó kù lọ́kàn wọn ni òkò, tésàn tí wọ́n ń sun káàkiri Nàìjíríà, àti ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n pa. Ohun tó kù lọ́kàn àwọn ọmọdé ni pé ọlọ́pàá ń pa àwọn ojúgbà wọn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn mìíràn nínú wọn wà lójú títì pẹ̀lú àwọn tó ń pariwo. Ní báyìí, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Nígbà tí òkò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lórí páànù tésàn lọ́jọ́ yẹn, àwọn àgbà ní, “Wọ́n tún ti dé.” Àwọn ọmọdé ní, “A tún ti ṣe é.” Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Èyí kò ṣeé yanjú pẹ̀lú ìpàdé ńlá kan tí gbogbo èèyàn yóò dákẹ́ sí nítorí ọ̀gá wà níbẹ̀. Kí DPO jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé láìsí Inspẹ́kítọ̀ kankan níbẹ̀. Kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn Inspẹ́kítọ̀ láìsí ọmọdé. Kí ó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ó má sì gbèjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó kó wọn jọ, kí ó sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan sọ, láìdárúkọ, kí apá kejì lè gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn 2020, Adamu fúnra rẹ̀ lọ káàkiri láti fún àwọn ọlọ́pàá tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì ní ìṣírí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣírí tó wá láti Àbújá kì í pẹ́ kó tó tán ní tésàn. DPO nìkan ló ń rí wọn láràárọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ rọ́stà, ìwé ìpínṣẹ́ tésàn. Ibí yìí ni kí ẹ ti pẹ́ jù nígbà tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tó. DPO kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìgbéga, kò lè fi kún owó oṣù, kò lè lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá láti ASP sókè, Police Service Commission ló ń dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jáde lóru òní àti ẹni tí yóò sùn sílé, òun ló ń fọwọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ tésàn, Station Officer ló ń kọ ọ́, ọ̀gá a kàn buwọ́ lù ú láì wò ó. Iṣẹ́ kò sì dọ́gba. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ báǹkì, tàbí tó tẹ̀lé ọlọ́lá lọ síbi ìnáwó, máa ń mú nǹkan délé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó wọ pátírólù ń fi ẹ̀mí wewu, kò sì rí nǹkan kan mú bọ̀ ju ìrẹ̀wẹ̀sì lọ. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé nínú oṣù Ògún, tí àlejò kún Òṣogbo, gbogbo ọlọ́pàá ló mọ̀ pé ẹni tó wà nídìí àwọn ọlọ́lá àti ẹni tó wà lójú ọ̀nà nínú oòrùn kì í padà sílé bákan náà. Bí ìbò bá dé, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ìbò yóò tún dìde. Àwọn ọmọdé ń ka gbogbo rẹ̀ sórí. Wọ́n mọ orúkọ ẹni tí kò tíì jáde lóru láti ọdún tó kọjá.

Ẹ ní kí ó mú rọ́stà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde, kí ó ka ti orúkọ kọ̀ọ̀kan: òru mélòó ló jáde, báǹkì mélòó ló ṣọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ló bá ọlọ́lá lọ. Kí ó ṣe é fúnra rẹ̀ pẹ̀lú bírò, kí ó má fi rán ẹnikẹ́ni. Yóò ya òun gan-an lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, kí ó lẹ rọ́stà tuntun mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo wọn ti ń gba ibẹ̀ kọjá, kí iṣẹ́ tó dára àti iṣẹ́ tó le máa yí kiri láti orúkọ dé orúkọ. Kí orúkọ DPO fúnra rẹ̀ àti ti DCO, ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí ọ̀ràn ní tésàn, wà lára àwọn tí yóò bá pátírólù jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àgbà kan àti ọmọdé kan wà, ṣùgbọ́n kí ó bi wọ́n ẹni tí wọ́n lè bá jáde kí ó tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ lè sọ fún un nípa Northern Ireland. Ọ̀rọ̀ tiwọn wúwo ju tiwa lọ, ìbọn àti ẹ̀sìn ni, láàárín Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi pa ara wọn. Kátólíìkì inú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wọn kò ju nǹkan bí 8 nínú 100 lọ. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́tun ní 2001, wọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ṣe é. Òfin ni wọ́n ṣe pé ìdajì àwọn tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ Kátólíìkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i. Nígbà tí òfin náà fi parí ní 2011, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 nínú 100. Ohun tí èèyàn lè kà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ lára ògiri náà ṣeé kà.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mẹ́nu kan owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà, bí ó tilẹ̀ le láti sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ ni. Bí àwọn kan bá ń gba owó bẹ́ẹ̀lì ní káńtà, tí kò sì dé ọwọ́ àwọn kan, owó náà ń pín tésàn bí ó ṣe ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Kò sí bí a ṣe lè pín in dọ́gba tí yóò di ohun tó dára. Kí ó fòpin sí i ní gbangba, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin PCRC lẹ nọ́ńbà yín mọ́ iwájú tésàn fún ẹni tí wọ́n bá bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà bá ti jáde, tí rọ́stà sì ti wà lára ògiri, ìgbà náà ni kí ó tó sọ̀rọ̀ ní páréèdì. Kí ó ṣe ṣókí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́ fún un, ohun tí mo máa kọ nìyí: “Ọmọ kan kú lọ́wọ́ wa. Èmi ni ọ̀gá yín lóru ọjọ́ yẹn, nítorí náà orúkọ mi ló ṣáájú. Mo ti ní kí wọ́n wádìí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wádìí èmi náà. Mo jẹ́ kí ẹnìkan nínú yín dá ẹrù yìí rù, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́stà wà lára ògiri, ẹ lọ wò ó. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn sí mi, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀.” Kí ó tú wọn ká síbẹ̀. Bí ó bá fi àlàyé kún un, àlàyé náà ni wọn yóò máa gbé kiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí ó lọ kí ìdílé kọ́ńsítébù tó wà látìmọ́lé. Bí ó bá ní ìyàwó, ebi lè máa pa á pẹ̀lú àwọn ọmọ ní bárékè, nígbà tí àwọn ìyàwó tó kù ń yẹra fún un. POWA, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọlọ́pàá, lè bá a débẹ̀. Kíkí náà kò sọ pé kọ́ńsítébù náà jàre. Ó kàn ń sọ fún tésàn pé wọn kò ta èèyàn nù.

Ní ti àwọn òbí ọmọ tó kú, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣáájú DPO lọ bá wọn, pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò, lẹ́yìn tí ó bá ti sọ fún olú iléeṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ mú àpò owó lọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ mú ìwé kankan lọ fún wọn láti buwọ́ lù. Ohun tí wọn yóò bèèrè ni òkú ọmọ wọn àti àbájáde àyẹ̀wò dókítà. Kí ó bá wọn rí i gbà kíákíá, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó jù ú lọ.

Bí ẹ ṣe máa lọ bá a náà ṣe pàtàkì. Ẹ má kó ìgbìmọ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ lọ bá a nílé lálẹ́, ẹ̀yin nìkan, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Àwọn ọ̀gá ń pè é lójoojúmọ́, ó mọ̀ pé wọ́n lè gbé e kúrò ní Òṣogbo nígbàkúgbà, ó sì lè máa rò pé bí òun bá gba ẹ̀bi díẹ̀, wọn yóò di gbogbo rẹ̀ lé òun lórí. Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, bí ẹ ṣe sọ fún mi. Ẹ wá fi sùúrù sọ èyí tó kù, kí ẹ má sì fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí àánú rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí kò sí lẹ́tà, tí kò sí rọ́stà, ẹ gba ọ̀dọ̀ Area Commander lọ. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà ṣe ètò fún ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú lórí ọlọ́pàá, ẹ lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sórí rédíò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Rárá, ẹ má bá a wá ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ẹlẹ́rìí kan wà nínú ohùn náà, tàbí ohun tó lè ba ìwádìí jẹ́, kí ó fi lé State CID lọ́wọ́, kì í ṣe tirẹ̀ láti wá. Bí kò bá sí, kí ó jáwọ́. Òfin Nàìjíríà kò gba ọlọ́pàá láyè láti ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Olùkọ́ ní NUT, dókítà ní NMA. Kọ́ńsítébù kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ àfi ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀gá bá di etí, ìta ló kù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé 2002, àwọn ọlọ́pàá kéékèèké daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú lórílẹ̀-èdè yìí, nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní bárékè, kò sí ẹni tó gbọ́. Àwọn tó wà lókè ní ọ̀tẹ̀ ni. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, Musiliu Smith ti kúrò nípò Ọ̀gá Àgbà, Tafa Balogun sì ti rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí DPO bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti wo WhatsApp wọn, àwọn tí kò tíì yan apá kankan nínú tésàn náà yóò yan apá. Bí ó bá tún bẹ̀ yín lórí rẹ̀, ẹ ní kí ó tẹ ohùn náà síwájú yín nínú yàrá rẹ̀, kí ẹ jọ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì fi ìka tọ́ ka ibi tí ó rò pé ó mú ẹni tó gba ohùn náà pinnu láti gbà á sílẹ̀. Ibi tí ó bá tọ́ka sí yẹn ni kí ẹ jọ jókòó lé lálẹ́ ọjọ́ náà.